Owó ilé wọni lọ́rùn l'Ékòó: bí iṣẹ́ CMC ṣe rí

Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ékòó, tí ọjọ́ owó ilé sì ti ń sún mọ́lé, lọ́yà kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ sá lọ bá. Citizens' Mediation Centre ni, èyí tí a ń pè ní CMC. Abẹ́ Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ló wà láti ọdún 1999, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n máa pẹ̀tù sí irú aáwọ̀ onílé àti ayálégbé báyìí. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí yóò ṣì máa gbé inú ilé onílé nílò ọ̀rẹ́ yẹn gan-an.

Ẹ ó rojọ́, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀, wọn á sì fi lẹ́tà pe onílé. Olùlàjà kì í dájọ́. Ó ń gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì títí ọ̀rọ̀ á fi wọ̀, àdéhùn á sì di kíkọ, tẹ́ ẹ jọ máa tọwọ́ bọ̀.

Ẹ má ṣe débẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú ìwé àdéhùn ilé dání, àti rìsíìtì owó tẹ́ ẹ san kẹ́yìn, lẹ́tà tí ibi iṣẹ́ fi dá yín dúró, àkọsílẹ̀ báǹkì oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà tẹ́ ẹ ti kọ sí onílé. Lẹ́tà yẹn ló ṣe kókó jù. "Bàbá, ẹ ṣàánú mi" nìkan kò tó, torí onílé tó ń retí owó sìmẹ́ńtì tàbí owó ilé ìwé ọmọ kò rí nǹkan kà nínú rẹ̀. Iye owó àti ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ mi bọ́ ní ìparí Oṣù Kejì. Owó ilé wa jẹ́ ₦600,000. Mo lè san ₦150,000 lọ́jọ́ kìíní Oṣù Kẹrin, kí n sì máa san ₦50,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́sàn-án."

Ibi tí ọ̀pọ̀ àdéhùn ti ń fọ́ ni ìtìjú. Ayálégbé á jókòó níwájú onílé, ojú á tì í, á sì ṣèlérí pé òun á san gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù méjì. Nígbà tí kò bá rí i san, ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ sí ti jẹ́wọ́ gbèsè náà, onílé sì lè gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ yọ owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ kúrò nínú ohun tó ń wọlé ná, kẹ́ ẹ tó dá iye.

Àbùkù CMC ni pé kò lágbára láti fi tipátipá mú onílé wá, kò sì lè ní kó dá gbèsè nù. Ibi sísan díẹ̀díẹ̀ ló ti wúlò jù.

Òfin Ilé Gbígbé Èkó ti ọdún 2011 kò fi dandan lé onílé láti dín owó kù, àmọ́ ó fún yín láyè. Bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, kúìtì nótíìsì oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí ẹni tó ń san owó ọdún, lẹ́yìn èyí ni nótíìsì ọjọ́ méje, kó tó kan kóòtù. Ẹni tí àdéhùn ilé rẹ̀ jẹ́ ti oṣooṣù ni kó yára: bó bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ilé ti parí, nótíìsì ọjọ́ méje péré ló kù kó tó kan kóòtù. Òfin yìí kò kan Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Onílé tó bá sì ṣí páànù orí ilé tàbí tó halẹ̀ mọ́ni láìsí àṣẹ kóòtù lè san ìtanràn tó tó ₦250,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Bẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í san, ẹ gba báǹkì san án, kẹ́ ẹ kọ oṣù tó wà fún síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì tó ní ọjọ́, orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tó kárí. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ò ní lè san ti oṣù kan, ẹ padà sọ́dọ̀ olùlàjà kí ọjọ́ náà tó pé.