Ilé Ìtọ́jú Àwọn Adití àti Adití-Afọ́jú Kan ní England: Ọ̀sán Rẹ̀ Dára, Òru Rẹ̀ Kù Díẹ̀ Káàtó

Gúúsù England ni ilé ìtọ́jú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Àwọn adití, àti àwọn tí kò gbọ́ràn tí wọn kò sì ríran, ni a yà á sọ́tọ̀ fún, Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, sì wà lára àwọn tí ń gbé níbẹ̀. Mo kọ èyí fún àwọn ìdílé Yorùbá ní Bìrìtéènì tí wọ́n ń wá irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ẹni wọn. Ní ojú tèmi, kò sí ohun tí a lè fi bẹ́ẹ̀ bá wọn wí lórí ìtọ́jú ọ̀sán, ṣùgbọ́n n kò lè fi gbogbo ẹnu yin ìtọ́jú òru.

Àìlera abínibí tí a ń pè ní Usher ni Àǹtí ní. Láti ìgbà tí a ti bí wọn ni wọn kò ti gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ojú wọn ríran títí wọ́n fi di ọ̀dọ́, kí ó tó di pé wọn kò ríran lálẹ́ mọ́, tí wọn kò rí ohun tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn mọ́, títí ojú náà fi ṣú pátápátá. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ èdè adití, ní ìlú tí Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ sí ní ọdún 1960. Nínú èdè tí ó ti Amẹ́ríkà wá yẹn, ọwọ́ kan ni a fi ń ṣe ábídí. Nínú BSL, èdè adití ti Bìrìtéènì, ọwọ́ méjèèjì ni. Ẹni tí ó gbọ́ BSL yékéyéké lè jókòó ti Àǹtí kí ó má mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Inú mi dùn gidigidi pé ilé yìí rí ọ̀rọ̀ náà kí a tó là á fún wọn: ojú ewé kìn-ín-ní ìwé ètò ìtọ́jú Àǹtí ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ní àwọn àmì tí Àǹtí ń lò. Òfin ìtọ́jú ti ọdún 2014 ní England sọ ọ́ di dandan pé ẹni tí káńsù bá rán wá wo ohun tí adití-afọ́jú nílò gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ pàtàkì lórí iṣẹ́ náà, nítorí náà ẹ má gbà kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n tún fi sùúrù kọ́ Àǹtí ní ábídí àwọn adití-afọ́jú ti Bìrìtéènì, èyí tí a ń fi ìka kọ sí ọwọ́ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀: orí àtàǹpàkò ni A, E wà lórí ìka tí ó tẹ̀ lé e, I, O àti U sì tò tẹ̀ lé ara wọn títí dé ọmọńdinrín. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbà ọwọ́ tirẹ̀ tí Àǹtí máa ń fọwọ́ kàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó dé. Ọmọ Yorùbá kan wà lára wọn tí ó máa ń kúnlẹ̀ kí Àǹtí láàárọ̀, tí ó sì máa ń gbé ọwọ́ wọn lé èjìká ara rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ti kúnlẹ̀. Kò sí ìwé ètò ìtọ́jú tí ó kọ́ ọ ní èyí, ó sì ṣe iyebíye lójú gbogbo ìdílé wa.

Òru ni ìṣòro wà. Áláàmù iná ilé náà ní iná tí ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì fún àwọn tí ó ríran, àti ohun pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ìrọ̀rí tí ń gbọ̀n fún àwọn tí kò ríran. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́; ojú mi ni wọ́n ṣe dán an wò. Ṣùgbọ́n bí ìrọ̀rí bá gbọ̀n tí Àǹtí jí, ta ni yóò sọ fún wọn bóyá iná ń jó lóòótọ́, tàbí ibi tí wọn yóò gbà jáde? Àmì kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń bá adití-afọ́jú ṣiṣẹ́ mọ̀: kí a fi ìka fa X ńlá sí ẹ̀yìn onítọ̀hún, ìyẹn ni pé ewu dé, kí ó tẹ̀ lé ni kíá. Mo béèrè àmì yìí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ́jẹ́ńsì rán wá ṣe iṣẹ́ alẹ́, kò mọ̀ ọ́n. Inú tún run Àǹtí ní òru kan, ohun tí a sì rí kà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni pé ara wọn kò balẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ẹni tí ó gbọ́ èdè wọn tó dé, kí ó tó di pé wọ́n fún wọn ní oògùn.

CQC, àjọ tí ń ṣe àbẹ̀wò sí àwọn ilé ìtọ́jú ní England, sọ pé ilé yìí dára, ìyẹn ipò kejì nínú mẹ́rin tí wọ́n máa ń fi ilé sí. Ìròyìn wọn ti pẹ́, kò sì sọ ohunkóhun nípa ẹni tí ó gbọ́ èdè adití lóru. Ìwádìí tí Dókítà Penny Dash ṣe lórí àjọ náà ní ọdún 2024 fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ibi tí ó yẹ kí wọ́n bẹ̀ wò ni wọn kò tíì fi sí ipò kankan rí. Ẹ máa wo ọjọ́ tí ó wà lórí ìròyìn kí ẹ tó gbára lé e.

Ohun kan tún wà tí mo takò, tí wọ́n sì ṣàtúnṣe rẹ̀. Nígbà ìpàdé lórí ìtọ́jú Àǹtí, òṣìṣẹ́ ilé náà ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀. Bí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ adití-afọ́jú, tí ẹni náà tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni ògbufọ̀, ọ̀nà wo ni ẹjọ́ yóò gbà jáde? Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gba ògbufọ̀ láti ìta.

Ọ̀gá ilé náà gba ohun tí mo sọ nípa òru láìjanpata, ó sì ti ń rí i pé ó kéré tán ẹnì kan tí ó gbọ́ èdè adití wà lórí iṣẹ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dá ẹni náà dúró sílé, ẹ́jẹ́ńsì ni wọ́n ṣì ń pè, n kò sì lè fi ìràwọ̀ márùn-ún fún wọn bí èyí bá ṣì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú ènìyàn yín lọ síbẹ̀, tàbí sí ilé mìíràn tí ó jọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n fi ètò iṣẹ́ alẹ́ ti oṣù tí ó kọjá hàn yín, kí wọ́n sì tọ́ka sí ẹni tí ó gbọ́ èdè adití ní òru kọ̀ọ̀kan.