Bíréèsì orúnkún onírin ní ọjà Wuse: ó tó owó rẹ̀, bí híǹjì rẹ̀ bá dúró

Bíréèsì yìí ni ìdè tí a ń dì mọ́ ẹsẹ̀ láti gbá egungun tó kán nítòsí orúnkún mú. Híǹjì, ìyẹn oríkèé irin tó ń jẹ́ kó ṣeé tẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó dára ṣeé tì sí 0, 30, 60 tàbí 90 dìgírì, irin sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ẹsẹ̀ tí ẹ wọ̀ ọ́ sí. Aṣọ fífà lásán tí àwọn ọlọ́jà kan ń pè ní bíréèsì kò lè gbá egungun tó kán mú rárá.

Ẹ na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú gígùn sí abẹ́ bíréèsì, torí fóòmù rẹ̀ gbóná, ooru Abuja ní oṣù kẹta kò sì ní ojú àánú. Kí àárín híǹjì ṣe déédéé pẹ̀lú àárín orúnkún. Bó bá yọ̀ wálẹ̀, ibi tí kò yẹ ni ẹsẹ̀ á ti máa tẹ̀. Bẹ́líìtì abẹ́ orúnkún ni ẹ kọ́kọ́ dì, kó má baà yọ̀, lẹ́yìn náà èyí tó wà lókè orúnkún, kó tó kan àwọn yòókù. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ bẹ́líìtì. Bí ìrora bá ń le sí i, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tutù tàbí kú tipiri, ẹ tú u, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Àbùkù rẹ̀: eruku ọyẹ́ tètè ba alẹ̀mọ́ bẹ́líìtì jẹ́, “ó bá gbogbo ẹsẹ̀ mu” sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà. Ẹ wọn itan kí ẹ tó lọ.

Bíréèsì kò sọ pé kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ o. Bó bá jẹ́ orí egungun ojúgun ló kán, ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lórí kírọ́ọ́ṣì, ọ̀pá ìtilẹ̀ abẹ́ apá. Dókítà tó wo ẹ́síréè ló máa sọ ìgbà tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ àti dìgírì tí ẹ ó ti híǹjì sí. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ti híǹjì náà, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ìtì náà bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ dá a padà fún wọn.