Wáyà ni àbí Bluetooth? Bẹ́ ẹ ṣe lè gbé ohùn TV dé áńpílífáyà tó jìnnà láì jẹ́ kó máa wọ́ lẹ́yìn àwòrán

Bùrọ̀dá mi kan ní ilé bọ́ọ̀lù ní Apátá, níbi táwọn èèyàn ti ń sanwó wo match. TV wà lára ògiri iwájú, áńpílífáyà wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ ẹ̀ níbi tó ti ń gbowó, torí pé tó bá gbé e síwájú, àwọn ọmọ àdúgbò ò ní jẹ́ kí bọ́tìnì ẹ̀ sinmi. Àárín méjèèjì tó mítà 14. Ó ní kí n bá òun ra Bluetooth, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ TV kó máa fi ohùn ránṣẹ́ láì lo wáyà, mo rà á, inú wa dùn. Bọ́ọ̀lù ò kúkú fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ká mọ̀, àfi lọ́jọ́ Sunday kan tó fi fíìmù Yorùbá sí i, obìnrin inú fíìmù ti pa ẹnu dé tán kí èpè tó ń ṣẹ́ tó dé etí wa. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń fi ọ̀kan wé ìkejì, ohun tí mo rí nìyí kẹ́ ẹ tó lọ náwó.

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Nínú setting TV, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ audio delay sí, àwọn mìíì ń pè é ní AV sync. Ibẹ̀ ò lè gbà yín. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dá ohùn dúró kí àwòrán lè bá a, ìyẹn wà fún ìgbà tí ohùn bá ṣáájú. Ohùn tó ti pẹ́ ńkọ́? Kò sí bọ́tìnì tó lè nà án lẹ́gba kó sáré, àwòrán lèèyàn máa dá dúró dè é, TV púpọ̀ ò sì lè ṣe ìyẹn. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ fi ń wo fíìmù, app VLC tí wọ́n fi ń wo fíìmù lè gbà yín, ẹ tẹ J, á máa fa ohùn síwájú ní 50 mílísẹ́kọ́ńdì. Dikódà ò mọ ìyẹn o.

Mílísẹ́kọ́ńdì ni tẹ́ ẹ bá pín sẹ́kọ́ńdì kan sọ́nà 1,000 tẹ́ ẹ wá mú ọ̀kan níbẹ̀. Àjọ ITU, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, kọ ọ́ sínú ìwé wọn lọ́dún 1998 pé tí ohùn bá fi bíi 45 ṣáájú àwòrán, èèyàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ó pẹ́ ni, ó máa tó bíi 125 kí wọ́n tó fura. Ẹ má tíì yọ̀. Ohùn tó ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lásán, mítà 343 ló ń rìn ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn bíi 3 mílísẹ́kọ́ńdì fún mítà kan, torí náà ẹni tó jókòó ní mítà 14 sí sípíkà ti jẹ gbèsè bíi 40 kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bíi 85 ló kù fún gbogbo ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kì sáàárín.

Ẹ wá wo Bluetooth báyìí. Èyí tó wọ́pọ̀, SBC ló ń lò, ìyẹn ọ̀nà tó fi ń fún ohùn pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, ó sì sábà máa ń fi 150 sí 250 pẹ́. Tán nìyẹn, ó ti run gbogbo 85 yín. Ọ̀nà mìíì ni aptX Low Latency, tí wọ́n máa ń kọ aptX LL sára páálí ẹ̀, kì í ju bíi 40 lọ, ìyẹn dáa gan-an, àmọ́ apá méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ní in. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ra èyí tó máa wà lẹ́yìn TV, wọ́n á ní ṣebí áńpílífáyà àwọn ti ní Bluetooth tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé SBC lásán ló wà nínú ẹ̀. Ó dà bíi Yorùbá àti Hausa tó pàdé nídìí àlùbọ́sà ní Bódìjà, èdè tí àwọn méjèèjì bá jọ gbọ́ náà ni wọ́n máa fi nájà.

Ẹni tó ta tèmi fún mi ò kúkú purọ́. Ó so ó mọ́ fóònù ẹ̀, ó ṣí YouTube, ẹnu àti ohùn jọ ń lọ rẹ́gí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé fóònù mọ̀ pé Bluetooth lòun ń lò, ó máa ń rọra dá àwòrán dúró de ohùn láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ki ẹ̀rọ kékeré yẹn bọ ihò íápíìsì TV, TV ò mọ̀ pé Bluetooth wà níbì kankan, ó rò pé íápíìsì lásán ni, ó ń gbé àwòrán ẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Nítorí náà TV ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn, kẹ́ ẹ wo ẹnu ẹni tó ń kà á nígbà tó bá dé ibi b tàbí m, torí ètè gbọ́dọ̀ pàdé níbẹ̀. Tí ètè bá ti là kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ, ẹ dá owó yín padà sápò.

Tẹ́ ẹ bá ní dandan ẹ ò fẹ́ wáyà, ẹ fi Bluetooth wé èyí tó ń lo 2.4GHz tiẹ̀. Méjì-méjì ni wọ́n ń tà á, ọ̀kan fún TV ọ̀kan fún áńpílífáyà, wọ́n ti so wọ́n pọ̀ látibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Èyí tó bá dáa nínú wọn kì í pẹ́ ju bíi 20 mílísẹ́kọ́ńdì lọ. Ó wọ́n ju Bluetooth lásán lọ o. Ìjọ̀ngbọ̀n ẹ̀ ni pé òun àti Wi-Fi jọ ń rìn lójú ọ̀nà kan náà, ògiri búlọ́ọ̀kù ń dí i, tí wọ́n bá sì kọ mítà 30 sára páálí, pápá gbalasa ni wọ́n ń wí. Èèyàn gan-an ń dí i torí omi ló pọ̀ lára wa, ẹ lè dán an wò láàárọ̀ tí ilé ṣófo kó dùn bí oyin, kó wá máa gé pátipàti lálẹ́ tí èrò bá kún.

FM kékeré tí wọ́n ń lò nínú mọ́tò ńkọ́, èyí tó ní ihò ọ́ksì? Òun ò ní pẹ́ rárá, ó sì rọjú. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn la wà yìí, Premier wà ní 93.5, Amúlùdùn wà ní 99.1, Diamond ní 101.1, Splash ní 105.5, Fresh tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ ní 105.9, àwọn yòókù ò tíì wọ̀ ọ́. Kẹ́ ẹ tó rí àlàfo, match yín á ti máa dàpọ̀ mọ́ ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí.

Wáyà lèmi fara mọ́, kì í pẹ́, kì í bá Wi-Fi jà. Àmọ́ wáyà náà ju ọ̀kan lọ, ẹ lọ wo ẹ̀yìn TV yín ná.

Tó bá ní ihò íápíìsì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Rìmóòtù TV lẹ máa fi máa mú ohùn lọ sókè sódò, sípíkà TV fúnra ẹ̀ á sì sábà dákẹ́. Kẹ́ ẹ má ra wáyà AV tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà ní gígùn mítà 20, kò sí ààbò nínú ẹ̀, gbogbo ariwo iná ló máa gbé wá. Wáyà CCTV ni kẹ́ ẹ rà, RG59, wọ́n ń gé e ní mítà-mítà, ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún ọ̀tún ọ̀kan fún òsì, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe kó fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹnu AV mọ́ ọn.

TV tuntun púpọ̀ ò ní ihò yẹn mọ́, optical ni wọ́n fi sí i, iná pupa lẹ máa rí nínú ẹ̀. Ẹ máa ra àpótí kékeré tó ń sọ iná yẹn di ohùn, DAC ni wọ́n ń pè é, chájà fóònù lè gbé e. Ẹ lọ sínú setting kẹ́ ẹ yí ohùn sí PCM, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ sí Dolby, àpótí yẹn ò ní sọ nǹkankan, ẹ ó rò pé gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún yín. Rìmóòtù TV kì í sábà lè dín ohùn ẹ̀ kù. Wáyà optical oníike ò dáa kọjá bíi mítà 10, ẹ má sì ṣẹ́ ẹ kọ́rọ́.

HDMI ARC, ìyẹn ihò HDMI tó ń gbé ohùn TV lọ bá áńpílífáyà, ò pọ̀ lẹ́nu mi. Ó ti wà láti 2009, ó dáa fún pálọ̀, ṣùgbọ́n áńpílífáyà tí wọ́n ń lò fún gbọ̀ngàn kì í ní in, HDMI tó bá sì gùn máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ibi tí optical ti na AV lẹ́gba ni ariwo hùùùn. Tí TV bá wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, tí áńpílífáyà wà lára ti ẹ̀yìn, wáyà tó so wọ́n pọ̀ á máa gbé iná kékeré láàárín wọn, hùùùn nìyẹn, pàápàá tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀. Optical ò lè gbé iná NEPA, iná tí ojú ń rí nìkan ló ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ gé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì lára púlọ́ọ̀gì, ìyẹn lè pààyàn.

Ohun tá a padà ṣe ní Apátá nìyí: optical mítà kan láti ẹ̀yìn TV bọ́ sínú DAC, a wá fi RG59 rìn láti ibẹ̀ lọ bá áńpílífáyà. Hùùùn ò sí, ohùn ò pẹ́, gbogbo ẹ̀ ò sì tó iye tí wọ́n ń ta 2.4GHz tó dáa. Eku ti jẹ wáyà yẹn lẹ́ẹ̀kan lókè sílìn, a ti wá kì í sínú páìpù báyìí, kì í ṣe páìpù tí wáyà iná gbà kọjá o, tiẹ̀ lọ́tọ̀.