Igbe Ogun Lórí Ìtàgé: Pẹ̀lú Ọ̀rọ̀ Tàbí Láìsí Ọ̀rọ̀?

Àwọn olùdarí eré ní Yábàá máa ń béèrè irú igbe tí ó yẹ kí jagunjagun ké. Igbe tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, bíi "alala" àwọn Gíríìkì àtijọ́, rọrùn láti kọ́, ṣùgbọ́n ohùn tètè máa ń há. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n àwọn ará Jámánì àtijọ́, tí wọ́n máa ń gbé asà súnmọ́ ẹnu kí ohùn tí ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ lè dún wúwo bí ìgbì òkun. Ìró lásán náà a máa pẹ́ lọ́kàn, nítorí ìró àgbá ni ó fún ogun Èkó ọdún 1851 ní orúkọ Àgídìngbì. Igbe tí ó ní ọ̀rọ̀, bíi "Santiago" (Jákọ́bù Mímọ́) àwọn ará Spéìn, ń dárúkọ ẹni tí wọ́n ń ké pè, ṣùgbọ́n ó gba ìdánrawò púpọ̀. Igbe tí ó ní ọ̀rọ̀ yẹ gbọ̀ngàn kékeré. Èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ yẹ gbàgede Freedom Park ní Èkó, níbi tí ariwo ọkọ̀ ti lè gbé ọ̀rọ̀ mì.