Áńpù fún ẹni tó ń dá kọrin pẹ̀lú gìtá: máìkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹni tó bá fẹ́ ta áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, fún olórin, iye wáàtì, ìyẹn agbára ẹ̀rọ náà, ló máa ń kọ́kọ́ kà sí i létí. Wáàtì ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo fi ń yan áńpù. Èmi nìkan ni mo máa ń wà lórí ìtàgé, èmi àti gìtá onígi kan àti máìkì kan. Kò sí onílù tí mo fẹ́ bá figagbága. Ohun tí mò ń fẹ́ ni pé kí ẹni tó jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn gbọ́ ọ̀rọ̀ orin mi ketekete, kí gìtá sì máa dún bó ṣe ń dún nílé, láìbo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ́kọ́ wo ibi tí máìkì ń wọlé sí. Nínú ọ̀pọ̀ áńpù tí wọ́n ṣe fún gìtá onígi, gìtá ni ọmọ onílé, máìkì sì dà bí àlejò. Ẹ ó rí bọ́tìnnì fún ìró ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè níhà gìtá. Ẹ bá dé ìhà máìkì, ìsàlẹ̀ àti òkè nìkan lẹ máa bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àárín yẹn gan-an, láti bíi 1,000 Hz dé 4,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ni ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń yé èèyàn. Bí ẹ kò bá lè fọwọ́ kàn án lórí áńpù, ohùn yín gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rọ náà mu láti ilẹ̀ wá, kò sí àtúnṣe kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáàtì, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ kíá. Bí ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, 3 dB péré (dB ni a fi ń wọn bí ìró ṣe ròkè tó) lẹ rí fi kún un, etí wa sì nílò bíi 10 dB kó tó gbà pé ohùn ti lọ sókè ní ìlọ́po méjì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 50 wáàtì àti 60 wáàtì kò tó 1 dB. Níbi tí àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Ibi tí ẹ ti fẹ́ kọrin ló yẹ kẹ́ ẹ rò dáadáa. Ní ìta gbangba, nígbàkígbà tí ìrìn tó wà láàárín áńpù àti olùgbọ́ bá di ìlọ́po méjì, 6 dB ló ń sọnù, torí kò sí ògiri tó máa dá ìró padà. Áńpù tó kún inú yàrá fọ́fọ́ lè di ohun tí wọ́n ń na etí sí ní pápá.

Nínú àwọn tí orúkọ wọn máa ń jáde lẹ́nu àwa tó ń dá kọrin, mẹ́rin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

AER Compact 60 wá láti Jámánì, òun sì ni gbajúgbajà onígìtá Tommy Emmanuel máa ń lò. Sípíkà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 8, agbára rẹ̀ jẹ́ 60 wáàtì, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bíi kílò 6.5 lọ. Tó bá jẹ́ gìtá nìkan la fẹ́ fi ṣèdájọ́, òun ni màá gbé láì wo ẹ̀yìn. Bí mo bá fi ìka rọra kan okùn, ó rọra dáhùn. Bí mo bá fi ọwọ́ nà án, ó nà án padà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò fi ohunkóhun kún un. Ihò máìkì rẹ̀ ní phantom power ti 24 vóòlù, ìyẹn iná tí áńpù ń fi ránṣẹ́ sí máìkì, tó túmọ̀ sí pé ó lè gba àwọn máìkì condenser kan, irú máìkì tó nílò iná kó tó ṣiṣẹ́. Máìkì condenser mìíràn 48 vóòlù ló ń béèrè, ẹ yẹ ìwé tó bá tiyín wá wò dáadáa. Ṣùgbọ́n AER kò ní bátìrì. Ibi tí kò bá ti sí ihò iná, ẹrù lásán ni.

Fishman Loudbox Mini Charge ní bátìrì tirẹ̀ nínú, tó ṣeé cháàjì. Àwọn tó ṣe é sọ pé tí ẹ bá ṣí ohùn rẹ̀ dópin, bíi wákàtí 4 ló máa ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá rọra lò ó, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. 60 wáàtì ni, pẹ̀lú sípíkà ínṣì 6.5 àti tweeter kékeré kan, ìyẹn sípíkà fún ìró òkè. Ìró gìtá rẹ̀ rọ̀, ó sì kún. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ju kílò 9 lọ: ẹni tó ń gbé mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ kò ní ka ìyẹn sí, ẹni tó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn tó tún ní àtẹ̀gùn gùn máa kà á. Kò ní phantom power, nítorí náà máìkì dynamic, irú èyí tí kò nílò iná, bíi Shure SM58 ló bá a lọ.

Bose S1 Pro, tó jáde lọ́dún 2018, kì í ṣe áńpù gìtá gan-an. Ẹ̀rọ kékeré irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ohùn jáde fún èrò ni, èyí sì hàn nínú ohùn: ọ̀rọ̀ máa ń jáde níbẹ̀ láìlábùlà. Ẹ lè nà án ró, ẹ lè dà á sí ẹ̀yìn, ẹ lè gbé e sórí òpó. Fúnra rẹ̀ ló máa mọ bẹ́ ẹ ṣe gbé e kalẹ̀, tí á sì yí ìró rẹ̀ padà láti bá a mu. Bíi kílò 7 ni, bátìrì rẹ̀ sì lè tó wákàtí 11. Òun náà kò ní phantom power. Ẹni tó jẹ́ pé ohùn ẹnu ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, tó kàn ń fi gìtá tì í lẹ́yìn, kó gbọ́ ọ kó tó gbọ́ òmíràn.

Èyí tí èmi ń lò ni Roland CUBE Street EX. 50 wáàtì ni, pẹ̀lú sípíkà ínṣì 8 méjì, ihò méjì nínú rẹ̀ sì ń gba máìkì, ọ̀kan nínú wọn ń gba gìtá náà. Bátìrì AA mẹ́jọ ló ń lò, irú èyí tí a máa ń fi sínú tọ́ọ̀ṣì, mo sì fẹ́ràn ìyẹn gidigidi. Bátìrì tí wọ́n kàn mọ́ inú ẹ̀rọ máa ń darúgbó, ọjọ́ tó bá kú, ẹ ní láti wá irú rẹ̀ gan-an. AA, mo lè kó ìdì kan sínú àpò gìtá mi kí n sì pààrọ̀ wọn láàárín orin méjì. Ní agbára tó ga jù, bíi wákàtí 5 ni wọ́n lè fi ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá yí i sí agbára tó kéré jù, ó lè tó 20. Gìtá kò dùn nínú rẹ̀ tó ti AER, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní ìta, ọ̀rọ̀ mi ń dé ibi tó yẹ kó dé, torí ẹ̀ ni mo ṣe gbé e.

Ohun kan tún wà tó ń ba eré jẹ́ ju wáàtì kékeré lọ: igbe tí ẹ̀rọ máa ń ké bí máìkì bá gbọ́ sípíkà, tó tún rán ohun tó gbọ́ padà sínú sípíkà, tó sì ń yí po bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé áńpù sẹ́yìn ara wọn kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: máìkì kọjú sí yín, ó sì tún kọjú sí áńpù tó wà lẹ́yìn yín. SM58 àti irú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn wọn. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń gbé áńpù sí, kó sún síwájú máìkì díẹ̀, kó kọjú sáwọn èèyàn, kí n sì dà á sẹ́yìn díẹ̀ kí ìró má bàa máa lọ sí orúnkún àwọn tó wà níwájú. Bí gìtá ló ń hu, bọ́tìnnì phase, èyí tó ń yí ìgbì ìró padà sódì, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ bí áńpù yín bá ní in. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ dín ìró ìsàlẹ̀ kù, torí inú gìtá onígi fúnra rẹ̀ máa ń dún ní nǹkan bíi 100 Hz, ibẹ̀ sì ni igbe náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bí pickup gìtá yín, ìyẹn ohun tó ń gba ìró gìtá sínú wáyà, bá jẹ́ piezo (irú èyí tó ń gba ìgbọ̀n gìtá) tí kò ní preamp nínú, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún ìró náà lágbára, ẹ má kì í bọ ihò line lásán, èyí tí wọ́n ṣe fún ìró tó ti lágbára tẹ́lẹ̀. Ihò tó jẹ́ ti gìtá gan-an, tí impedance rẹ̀ (ìdènà tó ní sí iná tó ń wọlé) tó 1 MΩ, ìyẹn ohm mílíọ̀nù kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló bá a mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìró rẹ̀ á tín-ín-rín, á sì máa ta etí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ áńpù wò kẹ́ ẹ tó rà á, gìtá tiyín àti máìkì tiyín ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Ẹ kọ orin tó rọ̀ jù nínú àwọn orin yín, kẹ́ ẹ wá kọ èyí tẹ́ ẹ ń fi gbogbo ọ̀fun kọ, láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì láàárín méjèèjì. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kó sọ ọ̀rọ̀ orin tó gbọ́ fún yín, kì í ṣe bóyá ó dùn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Loudbox àti AER ní ihò XLR, irú èyí tí wáyà máìkì ń lò, tẹ́ ẹ lè fi so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ ńlá gbọ̀ngàn. Tèmi, ihò line out ló ní, nítorí náà mo máa ń mú DI box kékeré kan dání, àpótí tó ń so ihò bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ńlá, àpò gìtá gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bátìrì.