Gíríìlì gáàsì tòkúnbọ̀, tuntun, tàbí dúrọ́ọ̀mù èédú: èwo ni kí ẹ gbé wálé?

Ẹni tó bá fẹ́ máa sun ẹja àti adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé, ohun mẹ́ta ni yóò bá lọ́jà: gíríìlì gáàsì tòkúnbọ̀ láti Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, gíríìlì gáàsì tuntun oníbọ́nà méjì tàbí mẹ́ta, àti dúrọ́ọ̀mù tí wẹ́dà là sí méjì tó sì fi irin ṣe ẹsẹ̀ fún. Ìdérí tó ń dán, táyà tó ń yí, pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń gbé abọ́ lé, ẹ lè fojú ara yín rí gbogbo ìyẹn. Ohun tó ń gbówó lọ ni agbára tí gáàsì fi ń tú jáde, ìyẹn kì í sì í sí lẹ́nu ẹni tó ń tajà.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn

Ìwé àlẹ̀mọ́ kan tàbí irin pẹlẹbẹ kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn gíríìlì gáàsì, tàbí nínú ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "mbar" sí, ìyẹn mílíbà, òṣùwọ̀n agbára tó ń ti gáàsì. Rẹ́gúlétọ̀ kékeré tí à ń lò fún sítóòfù gáàsì nílé ń tú gáàsì jáde ní nǹkan bí mílíbà 28 sí 30. Èyí tí wọ́n ṣe fún Jámánì, Austria àti Switzerland, 50 ni ẹ máa rí lára rẹ̀. Nítorí pé agbára tó ń ti gáàsì níbẹ̀ pọ̀, wọ́n dá ihò jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn irin kékeré tí gáàsì ń gba inú rẹ̀ wọ bọ́nà, kéré. Tí ẹ bá wá so ó mọ́ rẹ́gúlétọ̀ tiwa, ooru rẹ̀ á dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ojú ò ní tètè rí i, torí iná náà á ṣì máa jó búlúù. Ẹja ló máa tú àṣírí: awọ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ wáyà, itan adìẹ á sì máa ṣomi dípò kí ó gbẹ.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe kejì ti ń wọlé, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ń tajà á ní kí ẹ yọ rẹ́gúlétọ̀ kékeré, kí ẹ fi èyí tó lágbára sí i, irú èyí tí àwọn alásè páàtì fi ń dá bọ́nà ńlá wọn. Òun kò mọ 50. Bí ọwọ́ bá ṣe yí i tó ni gáàsì á ṣe tú tó, ó sì lè ju ohun tí rọ́bà àti nọ́ọ̀bù gíríìlì lè gbà lọ fíìfíì. Iná á gbéra kúrò lórí bọ́nà, á máa hó gooro, ìdí nọ́ọ̀bù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dírìlì fẹ ihò jẹ́ẹ̀tì. Tí ihò bá ti fẹ̀ jù, atẹ́gùn tó ń bá gáàsì wọlé kò ní tó o mọ́. Iná á pọ́n, èéfín dúdú á sì bo oúnjẹ.

Àtúnṣe tó wà ni jẹ́ẹ̀tì 30 mílíbà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe gíríìlì yẹn gan-an. Nọ́ńbà sábà máa ń wà lára jẹ́ẹ̀tì: 85 túmọ̀ sí ihò mílímítà 0.85. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ fi gíríìlì náà sílẹ̀, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sàn jù nínú tòkúnbọ̀, torí "28-30/37" (28-30 fún gáàsì bútéènì, 37 fún própéènì) ló sábà máa ń wà lára rẹ̀, rẹ́gúlétọ̀ tiwa sì bá a mu. Agbára ti Amẹ́ríkà náà kò jìnnà sí 28, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ kò bá sílíńdà wa mu, nítorí náà ẹ ka owó rẹ́gúlétọ̀ àti rọ́bà tuntun mọ́ iye rẹ̀. Bí ẹ bá rí "Natural Gas" (gáàsì tó ń gba páìpù wọlé) lára rẹ̀, ẹ má rà á. Ihò jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tóbi ju èyí tí gáàsì sílíńdà nílò lọ.

Gíríìlì tuntun

Bí wọ́n bá ti kọ 30 sí i, ọ̀rọ̀ agbára ti parí. Irin ló kù. Ẹ mú irin òòfà kékeré dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi kan bọ́nà. Irin tí kì í dípẹtà bọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní 304, òòfà kì í fà á. Èyí tí òòfà bá gbá mú lè máa dán bí dígí lónìí, àmọ́ nítòsí òkun, ní Lẹ́kí tàbí Bàdágírì, atẹ́gùn oníyọ̀ á tètè jẹ ẹ́.

Bọ́nà mẹ́ta tó bá jẹ́ kílówáàtì 9 lápapọ̀, tí gbogbo rẹ̀ bá ń jó dé òpin, á jẹ nǹkan bí kílò 0.7 gáàsì ní wákàtí kan. Sílíńdà kílò 12.5 á gbé e tó wákàtí méjìdínlógún. Ẹ má fi sílíńdà 3 kílò sí i: ara rẹ̀ á máa làágùn, inú rẹ̀ á tutù, iná á sì relẹ̀ nígbà tí ẹran ò tíì jinná.

Aláǹtakùn àti agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé a máa há sẹ́nu páìpù tí bọ́nà fi ń gba atẹ́gùn, àgàgà nínú tòkúnbọ̀ tó ti pẹ́ ní ìsọ̀. Iná á wá padà sẹ́yìn, á máa jó lábẹ́ nọ́ọ̀bù. Ẹ yọ bọ́nà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn ro inú rẹ̀ kí ẹ tó kọ́kọ́ tan án.

Dúrọ́ọ̀mù èédú

Owó rẹ̀ kéré, àyè rẹ̀ sì gbòòrò: ààbọ̀ dúrọ́ọ̀mù lítà 200 gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 88, ó sì fẹ̀ tó 58, nígbà tí wáyà gíríìlì oníbọ́nà mẹ́ta kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 60 ní gígùn àti 45 ní fífẹ̀ lọ. Fún ẹja púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni. Adùn èéfín rẹ̀ náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rá tó ń kán sórí ohun tó gbóná ló ń fa púpọ̀ nínú adùn yẹn, ìyẹn sì ń ṣẹlẹ̀ lórí irin tó bo bọ́nà gáàsì pẹ̀lú.

Ẹ béèrè ohun tí dúrọ́ọ̀mù náà fi gbé tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ kẹ́míkà, ẹ má fi sun oúnjẹ. Èédú nílò ìṣẹ́jú 25 sí 30 kí eérú funfun tó bò ó, ẹ má sì da kẹrosíìnì sí i, torí òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára ẹja. Lẹ́yìn lílò, ẹ kó eérú rẹ̀ dànù. Eérú tó bá gba omi òjò ló ń jẹ ìdí dúrọ́ọ̀mù títí á fi lu.

Èyí tí mo máa yàn

Ẹni tó ń se páàtì lóṣooṣù, dúrọ́ọ̀mù ni. Ẹni tó bá rí tòkúnbọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí bọ́nà rẹ̀ kò tíì jẹ, kò ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n fún ilé tó ń sun adìẹ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, oníbọ́nà mẹ́ta tuntun tí wọ́n kọ 30 sí ló rọrùn jù lọ: ẹ tan méjì, ẹ pa ẹ̀kẹta, ẹ tẹ́ itan adìẹ sórí èyí tí iná rẹ̀ kú, ẹ dé e. Á jinná wọ egungun kí awọ rẹ̀ tó pọ́n, èédú kì í sì í gbà bẹ́ẹ̀ fúnni nírọ̀rùn.

Ìta gbangba ni gbogbo wọn wà fún, kí sílíńdà má sì súnmọ́ gọ́tà, torí gáàsì tó bá jò máa ń sọ̀kalẹ̀ síbi tó rẹlẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ sílíńdà níwájú yín, kí ẹ fi kànrìnkàn oníhòóhò ọṣẹ nu gbogbo ojú ìsopọ̀. Tí ọṣẹ bá ń hó níbi kan, ó ń jò. Tí kò bá hó, kí wọ́n tan bọ́nà kọ̀ọ̀kan dé òpin fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná tó bá búlúù láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ́nà dé ìparí rẹ̀, láìgbéra, ni kí ẹ sanwó lé lórí.