Iṣẹ́ subtitle ní Pansẹ̀kẹ́: Hausa wọn dáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn ń fẹ́ àmójútó

Ẹni tó ní fíìmù lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta, tó fẹ́ kí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá náà rí i wò, kò nílò àtigbé e lọ sí Èkó mọ́. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Pansẹ̀kẹ́ tó ń kọ subtitle, ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tó máa ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán, sí fíìmù ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Hausa. Ọwọ́ wọn yá, iṣẹ́ wọn sì mọ́ lójú. Àmọ́ fíìmù Yorùbá wo ni ẹnì kan ò ní káwọ́ lérí níbẹ̀? Ibi tí àyà òṣèré bá ti já, tàbí tí ayé bá ti sú u, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ti máa ń mẹ́hẹ.

Ìlànà wọn ò ní àbùkù. Ẹ ó gbé fíìmù wá lórí fláàṣì, wọ́n á kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí òṣèré sọ sílẹ̀ ní Yorùbá kí wọ́n tó túmọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá létí, tó sì ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí òṣèré bá ti ń sunkún báyìí, irú wọn á máa fo ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìtumọ̀ ni wọ́n á wá fi àkókò sí i. Lẹ́tà 42 ni ìlà kan lè gbà, àlàfo wà nínú rẹ̀. Ìlà méjì ló pọ̀ jù lójú fíìmù lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá 7 lọ. Lẹ́tà bíi 17 ni wọ́n kà sí ohun tí ojú lè kà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọn kì í yẹ̀ lórí èyí.

Ó wá ku igbe. Yéè, yépà, págà, mo gbé, ẹ gbà mí o: "Oh my God!" ni wọ́n kọ sí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ké "ẹ gbà mí" ń pe èèyàn ni, "Help!" ló tọ́ sí i. Págà ní tiẹ̀, ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí fún ló ti ń jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́, kò pe ẹnikẹ́ni. "Mo gbé" ló burú jù. "I carried it" ló wà lábẹ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ilé òun ti jóná! Gbé tí a fi ń gbé ẹrù àti gbé tí a fi ń ké, ohùn kan náà ni, àmì orí ò lè gba ẹni tí kò bá wo àwòrán. Tí ẹ bá sì ń ṣe fíìmù ogun Dàhòmì ti 1851, tí ọmọ ogun Ẹ̀gbá wá ń ké "Oh my God!" lórí odi ìlú, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi yín rín. Níbi tí òṣèré bá kàn ké "Yéè!" lásán, ẹ ní kí wọ́n má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti tó.

Ara la fi ń sọ ìpayà lédè wa: àyà á já, jìnnìjìnnì á boni, ìdí á domi. Níbi tí òkú ti dìde jókòó, tí ọ̀dọ́kùnrin kan ní "orí mi wú", "My head swelled" ni wọ́n kọ. Agbéraga ni orí rẹ̀ ń wú ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwa náà sì ń sọ ọ́ tí wọ́n bá kì wá tí inú wa dùn, ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń túmọ̀ wo ojú òṣèré. "My hair stood on end" ni ibẹ̀ ń fẹ́. Kì í kúkú ṣe àwa nìkan. Tí ẹ̀rù bá ba ará Jámánì, á ní ọkàn òun yọ̀ bọ́ sínú ṣòkòtò. Tí ìjákulẹ̀ bá dé bá ará Sípéènì, ẹ̀mí rẹ̀ á já bọ́ sí ẹsẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe Hausa wọn mọ iṣẹ́. "Àyà mi já" di "gabana ya faɗi", pé àyà òun ṣubú. "Ẹ̀rù bà mí" di "tsoro ya kama ni", ẹ̀rù mú un. Nígbà tó kan ìrẹ̀wẹ̀sì, "sanyin gwiwa" ló lò, orúnkún ló tutù. Ọmọ Sábó tó bá wò ó lè rò pé Hausa ni wọ́n fi kọ fíìmù náà látilẹ̀. Faransé wọn náà ò burú: "baisser les bras", kéèyàn rẹ apá sílẹ̀, bá "ọwọ́ mi rọ" mu bí ìbejì. Ó dùn wá pé wọn ò ṣe Pijin, torí "my heart cut" àti "fear catch me" ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ti ń kú sí wọn lọ́wọ́. Ó sú mi, ó rẹ̀ mí, ọwọ́ mi rọ, ọkàn mi pòrúurùu, "I am tired" ni gbogbo rẹ̀. "Ó rẹ̀ mí" nìkan ló yẹ kó gbà á, oorun á wo ìyẹn sàn. Àwáwí wọn ni pé àyè ò tó, kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹ wo èyí: "Ó ti sú mi, ọwọ́ mi rọ, mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe." Ìṣẹ́jú-àáyá 3 ni òṣèré fi sọ ọ́, àyè lẹ́tà 51 nìyẹn. Tí a bá túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, "I'm fed up, my hands have gone limp, I don't know what else I can do", ó di 68. Wọ́n wá gé e kù sí "I am tired." Ṣùgbọ́n "I've lost heart. What else can I do?" ò ju 36 lọ, ó wọ ìlà kan, ìrora ẹni náà sì wà níbẹ̀. A máa ń sọ ìbànújẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Àtúnsọ yẹn ló yẹ kí wọ́n gé.

Wọ́n ń gbọ́ àlàyé ṣá. Ẹ kọ àwọn ibi ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò wọn, bíi 00:41:12, kí ẹ fà á lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú fíìmù.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ ṣí fáìlì .srt wò, èyí tí ọ̀rọ̀ subtitle àti àkókò wọn wà nínú rẹ̀. Tí wọn ò bá fi UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, tọ́jú rẹ̀, ɗ inú "faɗi" á di àmì ìbéèrè, orúkọ èèyàn tó ní ẹ, ọ tàbí ṣ náà á bàjẹ́. Àní pẹ̀lú UTF-8, ẹ́ kì í ṣe lẹ́tà ẹyọ kan fún kọ̀ǹpútà, àmì ohùn dá wà ni, tẹlifíṣọ̀n míì á sì gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gba .srt yẹn lọ́tọ̀, ẹ má gba fíìmù tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ mọ́ lára nìkan. Àṣìṣe inú .srt, Notepad ti tó láti tún un ṣe. Èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ fíìmù, àfi kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ gbé jáde.